Fóònù Nínú Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì: Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Mí Ní Òṣogbo

Òkè-Baálẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Gẹ̀ẹ́sì, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn òbí a máa dá mi dúró lọ́nà ọjà, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi a máa pè mí, àwọn ọmọ fúnra wọn a sì máa béèrè. Nítorí pé àwọn ìbéèrè kan náà ló ń padà wá, mo kó wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn lẹ́nu.

Àǹtí, ṣé kì í ṣe fóònù yìí gan-an ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ mi jẹ́?

Ẹ̀rù tó ń bà yín nídìí. Èmi náà ti gba ìwé àròkọ tí ọmọ kọ "u" síbi tó yẹ kó kọ "you", tó kọ "2moro" dípò "tomorrow", torí bẹ́ẹ̀ ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń kọ ọ́ sí ara wọn lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ náà ń ṣe. Ó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń kà á, lójoojúmọ́, láìsí ẹni tó mú pàṣán dání. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ẹni tó máa sọ fún un pé báyìí kọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n má gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ pátápátá. Kí wọ́n yan iṣẹ́ tó máa fi ṣe fún un. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ tó, ní pálọ̀, lójú ẹ̀yin fúnra yín.

Kí lẹ wá ń fi í ṣe gan-an? Áàpù wo ni kí n gbà sórí fóònù tèmi?

Rẹ̀kọ́dà ni. Èyí tó wà nínú fóònù náà láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á. Àwọn òbí kì í fẹ́ gbọ́ ìdáhùn yìí, wọ́n ti ń retí orúkọ nǹkan tuntun, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo ti dán wò, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ tó o.

Ọmọ á ka ìlà mẹ́fà péré nínú ìwé rẹ̀ sínú fóònù. Á tẹ́tí sí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á gbọ́ ìlà mẹ́fà yẹn kan náà láti ẹnu mi, á wá tún tirẹ̀ kà. Ó parí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kì í gbọ́ ara rẹ̀ dáadáa. Ohun tó ní lọ́kàn láti sọ ló ń gbọ́. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi, SS2 ló wà, ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Ìgbóná. Mo kọ "ship" àti "sheep" sójú pátákó, ó pè wọ́n, mo ní ọ̀kan náà ló pè, ó ní rárá, ó yàtọ̀. Ó tiẹ̀ fẹ́ bínú. Mo gbé fóònù fún un pé kó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń pariwo, ó bá lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi ìka di etí òsì, ó lẹ fóònù mọ́ etí ọ̀tún. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un gbọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbé fóònù kúrò létí, ó ń wò ó bí ẹni pé òun ló purọ́. Ó ní, "Àǹtí, ọ̀kan náà ni mò ń pè." Ó ti tó oṣù kan tí mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un tí kò gbà. Ohùn ara rẹ̀ ló gbà gbọ́.

Ìró wo ló yẹ ká máa ṣọ́?

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí: etí ọmọ Yorùbá kò burú rárá. Ọmọ ọdún mẹ́ta ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ̀ pé ọkọ kì í ṣe ọkọ́, pé ọkọ́ kì í sì í ṣe ọkọ̀. Òyìnbó tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ wọn yóò làágùn. Ibi tí èdè wa ti kọ́ etí wa ni etí wa ti mú. Ibi tí èdè wa kò ti pín ìró sí méjì, méjèèjì máa ń bá wa létí bí ọ̀kan ṣoṣo.

Ẹyọ "i" kan la ní. Gẹ̀ẹ́sì ní èyí tó gùn àti èyí tó kúrú, ìyẹn ló fà á tí "seat" àti "sit", "leave" àti "live" fi ń dàrú. Bẹ́ẹ̀ náà ni "pool" àti "pull". A kò ní "v", nítorí náà "van" a máa di "fan" lẹ́nu wa. A kò ní "z", "prize" a di "price". "Th" méjèèjì kò sí lọ́dọ̀ wa: "three" di "tree", "then" di "den". "H" ni ọ̀pọ̀ wa ń fi síbi tí kò sí, tí a tún ń yọ kúrò níbi tó wà, tí "eat" àti "heat" fi ń pààrọ̀ àyè. Àwa tí a wà láti agbègbè yìí títí dé Ìbàdàn, tí "s" àti "ṣ" máa ń wọnú ara wọn lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹ jẹ́ ká fojú sí "sip" àti "ship" pẹ̀lú.

Yàtọ̀ síyẹn, Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì lé ara wọn, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Fáwẹ́lì la fi ń la àárín wọn, la fi ń tì wọ́n lẹ́yìn. Bí "bread" ṣe di búrẹ́dì nìyẹn, tí "school" di súkúù. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ Yorùbá. Nínú bébà kẹta WAEC, èyí tí wọ́n ń pè ní Test of Orals, máàkì ló ń jẹ.

Èyí tó le jù ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń rinlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tó ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà bíi tiwa, àmọ́ agbára máa ń wà níbì kan nínú ọ̀rọ̀ ju ibòmíràn lọ. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ rántí ẹni tó ń gún iyán: ọmọ odó á fẹ́rẹ̀ kàn án níbì kan, á rinlẹ̀ gbì níbòmíràn. "Record" tó bá rinlẹ̀ níwájú ni ohun tí a gbà sílẹ̀. Tó bá rinlẹ̀ lẹ́yìn, ó di iṣẹ́ gbígbà á sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ síbi tó bá rinlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ka ọ̀rọ̀ sínú fóònù. Bí wọ́n bá tẹ́tí sí i, àtẹ́wọ́ yẹn á fi hàn wọ́n bóyá ibi tó yẹ ni.

Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ lé ọmọ lórí pọ̀. Ìró kan ní ọ̀sẹ̀ kan tó.

Fóònù onítọ́ọ̀ṣì la ní nílé. Ṣé a ti pàdánù nìyẹn?

Ẹ ò pàdánù. Ọ̀pọ̀ fóònù onítọ́ọ̀ṣì ló ní rédíò FM, àwọn míràn ní rẹ̀kọ́dà àti àyè mẹ́mọ́rì káàdì. Ẹ ki íápíìsì bọ̀ ọ́, torí wáyà íápíìsì ló ń ṣiṣẹ́ ẹ́ríà fún rédíò inú fóònù. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í sọ̀rọ̀ ketekete láìsí i. Kí ọmọ gbọ́ ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì Radio Nigeria ní aago 7 òwúrọ̀ kó tó lọ sílé-ìwé, kó kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tó gbọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe dún sí i létí, kó sì wá àkọtọ́ wọn tó bá dé. Ohun tó dáa nínú ìròyìn ni pé ọmọ ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ ní Yorùbá lórí rédíò wa níbí lọ́jọ́ kan náà. Ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nìkan ló kù tó ń wá.

Bí mẹ́mọ́rì káàdì bá wà, ẹ gbé e wá, màá kó ohùn tí mo ti kà sílẹ̀ sórí rẹ̀.

Dátà ti wọ́n jù.

Òótọ́ ni. Fídíò ló ń jẹ ẹ́. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè jẹ 40 MB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí fóìsì nóòtù ìṣẹ́jú kan lórí WhatsApp kò tó MB kan. Mo kì í fi fídíò ránṣẹ́ sí ọmọ kankan. Ẹnì kan á gba ohùn náà sórí fóònù tirẹ̀, àwọn yòókù á fi Bluetooth gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíláàsì, láìná kọ́bọ̀. Kí ẹ sì wá ìwé atúmọ̀ èdè tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì; ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa gbà á sórí fóònù.

Iná ńkọ́?

Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kù, kí ẹ pa dátà nígbà tí ọmọ bá ń ka ìwé sí i. Rẹ̀kọ́dà kì í jẹ bátìrì bí fídíò. Tí iná kò bá sí rárá, ìwé ṣì wà.

Ṣé kí ọmọ máa fi Google Translate ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá?

Kó má fi í ṣe é. Kó fi í yẹ ohun tó ti ṣe wò.

Yorùbá ti wà lára àwọn èdè tó wà níbẹ̀ láti oṣù kejìlá 2013, ó sì ń dáa sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kọ "oko" lásán sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á wá máa méfò: oko àgbẹ̀ ni àbí ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ ni àbí ọkọ́? Lẹ́yìn náà, Yorùbá ní "ó dé" fún bàbá, fún ìyá, fún òjò. Gẹ̀ẹ́sì á fẹ́ mọ̀ bóyá "he" ni, "she" ni, tàbí "it". Ọmọ tí kò tíì fúnra rẹ̀ ronú lórí èwo ló yẹ kò ní mọ ìgbà tí ẹ̀rọ bá yan èyí tí kò tọ́.

Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí nínú ìwé wọn ní ìtàn, mo sì fẹ́ràn láti sọ ìtàn náà fún wọn dípò kí n kàn fa pẹ́ńsù pupa síbẹ̀. Ọmọ tó kọ "I am hearing the smell of soup" kò ya òmùgọ̀. Yorùbá ló ń sọ: a máa ń gbọ́ òórùn. Èyí tó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé "They are calling you", tó sì jẹ́ pé ọ̀gá ilé-ìwé nìkan ló ń pè é, ọ̀wọ̀ ló ń bù fún àgbà, torí wọ́n ń pè ọ́ la máa ń wí. Èyí tó kọ "I go to Ìgbóná yesterday" gbà pé "lánàá" ti sọ gbogbo ohun tó kù, nítorí "lọ" kì í yí padà lọ́dọ̀ wa. Bí ọmọ bá ti mọ ibi tí àṣìṣe ti wá, á máa bá a lójú ọ̀nà kó tó dórí ìwé.

Àwọn ẹ̀rọ tuntun tó ń kọ àròkọ odidi fún ènìyàn, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi wọ́n kọ àròkọ. Ọmọ náà kò ní lè mú wọn wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ṣé kí a dẹ́kun Yorùbá nílé kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè já gaara?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ní ilé-ìwé tí mo lọ, wọ́n á gbé pátákó kékeré kọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá lọ́rùn títí ilé-ìwé á fi ṣíwọ́. Mo gbé e kọ́ rí, nítorí pé mo ní "ẹ pẹ̀lẹ́" fún ìyá alágbàtà kan tó ṣubú lẹ́nu géètì. Ó kọ́ mi láti dákẹ́. Kò kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan, ní Ifẹ̀ tí kò jìnnà sí wa. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6 gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn òbí ṣe ni pé kí wọ́n pa àlọ́ fún ọmọ ní Yorùbá, kí ọmọ wá pa á padà sínú fóònù ní Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá kan tó ń wa ọkọ̀ láti Old Garage máa ń ṣe é lálẹ́ ọjọ́ Sunday. Ó pa àlọ́ Ìjàpá àti àna rẹ̀. Nígbà tí ọmọ fẹ́ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó dúró lórí "àna". Ẹ ó gbọ́ ọ nínú ohùn tó fi ránṣẹ́ sí mi: ó dákẹ́, ó ń mí, ó wá béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ pé ọkùnrin ni àna yẹn àbí obìnrin, nítorí Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ mọ̀. Bàbá náà ní òun kò ronú kàn án rí. Lọ́sẹ̀ kejì, "àbúrò" ló dá wọn dúró: àwa ń wo ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bí, Gẹ̀ẹ́sì ń wo ọkùnrin tàbí obìnrin. Kò sí ìwé gírámà tó máa kọ́ ọmọ yẹn ní nǹkan tí alẹ́ méjì yẹn kọ́ ọ.

Ilé-ìwé ọmọ mi kò gba fóònù wọlé rárá.

Kó pa òfin mọ́. Ilé ni iṣẹ́ yìí wà fún. Olùkọ́ tí wọ́n bá gbà láyè lè mú fóònù tirẹ̀ kan ṣoṣo wọ kíláàsì pẹ̀lú sípíkà kékeré, kó jẹ́ kí gbogbo ọmọ gbọ́ àyọkà kan, kó dá a dúró lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́.

Àwọn kan á rántí Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Ọ̀ṣun gbé jáde ní 2013 lásìkò Gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá fún àwọn ọmọ girama àgbà. Ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn èrò náà, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí mo rò nípa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni pé ó lè gbé ìwé fún ọmọ, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì sísọ nílò ẹni tó máa dá ọmọ lóhùn.

Olùkọ́ ni mí, ọmọ 60 ló wà ní kíláàsì mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbọ́ fóìsì nóòtù 60?

Ẹ ò ní gbọ́ ọ. Ẹ pín wọn ní méjì-méjì, kí olúkúlùkù kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹnì kejì rẹ̀. Ẹ gba mẹ́wàá lójúmọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà ẹ ti yí gbogbo wọn ká. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni kí ẹ tọ́ka sí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ ìró ọ̀sẹ̀ yẹn. Èyí tó kù, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó dùn yín tó.

Ẹ má sì tún ohùn ọmọ ṣe lójú gbogbo ẹgbẹ́ lórí WhatsApp. Mo ṣe é rí. Mo ní kí ọmọkùnrin kan tún "van" pè níwájú àwọn ogún ọmọ yòókù, mo gbà pé gbogbo wọn ló máa jàǹfààní. Ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi lọ bẹ̀ ẹ́ nílé wọn kó tó tún la ẹnu ka nǹkan fún mi, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ìyìn nìkan ló ń lọ sínú ẹgbẹ́ báyìí. Àtúnṣe ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ fúnra rẹ̀.

Ṣé áàpù ìbéèrè àtẹ̀yìnwá wúlò fún JAMB?

Ó wúlò. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo UTME, ìdánwò JAMB náà, wà láti 2015, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ 60 nínú 180 ìbéèrè, kò sí ọmọ tó lè yẹ̀ ẹ́. Fífi ojú kéékèèké fóònù dáhùn ìbéèrè máa ń jẹ́ kí ọwọ́ yá. Àmọ́ ọmọ tó há ìdáhùn sórí láìka àyọkà, àyọkà tuntun ló máa bá nínú ìdánwò.

Kí ni kí a ṣọ́ra fún?

Ẹ fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tì áàpù báǹkì yín pa kí ẹ tó gbé fóònù fún ọmọ. Kí òbí kan ó kéré tán wà nínú gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp tí ọmọ rẹ̀ bá wà. Àgbàlagbà tó bá ń bá ọmọbìnrin yín sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lórí fóònù ní orúkọ pé òun ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kódà bó jẹ́ èmi ni. Ohùn tí mo bá fi ránṣẹ́ sí ọmọ, orí nọ́ńbà ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ló ń gbà lọ. Kí fóònù má sì sùn ti ọmọ.

Ìgbà wo ni màá rí àyípadà?

Kò ní tètè hàn sí ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Nítorí náà, ẹ má pa ohùn àkọ́kọ́ tó gbà sílẹ̀ rẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ọmọ sí i, ẹ fi pamọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó ka ìlà mẹ́fà yẹn kan náà, kí ẹ gbé méjèèjì fún un pé kó gbọ́. Ọmọ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ìjọ́sí gbọ́ tirẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ní Ìgbóná. Ìyá náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti pa ọ̀bẹ tó fi ń gé ẹ̀fọ́ tì, ó tẹ́tí sí àkọ́kọ́, ó tẹ́tí sí ìkejì, ó wá ní, "Ṣé ìwọ náà ni èkejì yìí?"